Ámpù LM386 orí breadboard: ó ń kùn, ó ń ṣe pútú-pútú, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Oníwáyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Bàbá bàbá mi ni mo fẹ́ ṣe nǹkan yìí fún. Etí wọn ti wúwo díẹ̀, wọn ò sì fi ìròyìn aago méje ṣeré rárá. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n fi ń gbọ́ rédíò. Tí wọ́n bá gbé e mọ́ etí, ọwọ́ á máa ro wọ́n, tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, gbogbo ará ilé ni wọ́n á máa bi pé "kí ni wọ́n wí?" Mo wá ní kí n ṣe ámpù kékeré kan tí wọ́n á kì bọ ihò íàpíìsì, tí wọ́n á máa fọwọ́ ara wọn yí ohùn rẹ̀ sókè sísàlẹ̀.

Ohun tí mo rà: IC LM386N-1 (ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń sọ ohùn di ńlá), fólúùmù 10k, kàpásítọ̀ 220 µF kan, 100 µF kan, 10 µF kan, bátìrì fólítì 9, àti breadboard gígùn oníhò 830, bọ́ọ̀dù tí a kàn ń kì ẹsẹ̀ nǹkan bọ ihò rẹ̀ láìfi iná jó o. Inú rédíò tó ti kú ni mo ti tú sípíkà 8 óòmù. Íàpíìsì tó bàjẹ́ ni mo gé jáàkì lára rẹ̀.

Bí mo ṣe so ó: 10 µF wà láàárín ẹsẹ̀ 1 àti 8. Ẹsẹ̀ 2 àti 4 lọ sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹsẹ̀ àárín fólúùmù wọ ẹsẹ̀ 3. Ẹsẹ̀ 5 gba inú 220 µF lọ sí sípíkà. Ẹsẹ̀ 6 lọ sí pósítíìfù. Mi ò so ẹsẹ̀ 7 mọ́ nǹkan kan. 100 µF wà ní ìpẹ̀kun bọ́ọ̀dù, lórí ojú iná.

Wàhálà rẹ̀ nìyí: ó ń kùn bí ẹ̀rọ ata. Mo yí fólúùmù sísàlẹ̀ pátápátá, kò dákẹ́. Tí mo bá yí i kọjá ìdajì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pútú-pútú-pútú bí ọ̀kadà tí pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀ ti kú. Tí ọwọ́ mi bá kan wáyà jáàkì, ariwo á tún lé sí i. Mo ti pààrọ̀ IC lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi ni?

Aláriwo_Ìkẹjà

Àbúrò, ṣé wàhálà wù ẹ́ ni? Ra PAM8403, IC ámpù mìíràn tí wọ́n ti jó sórí bọ́ọ̀dù kékeré, èyí tó ní fólúùmù lára. Fólítì 5 péré ló ń jẹ, sípíkà méjì ló ń gbé. Ìṣẹ́jú márùn-ún, o ti parí.

BàbáRédíò

Aláriwo, ọmọ ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dáná, o ní kó lọ ra oúnjẹ sísè. PAM8403 dára, mi ò bú u. Àmọ́ bí o bá máa júwe rẹ̀ fún un, júwe rẹ̀ tán: wáyà méjèèjì tó ń lọ sí sípíkà lára rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kò sí gíráùǹdù, ìyẹn ojú nẹ́gẹ́tíìfù, nínú wọn. Ẹni tó bá fi ọ̀kan so mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù bí a ti ń ṣe fún LM386, ó lè jó o mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó yá, ọmọ mi. Kí o tó pe IC lólè, bi í léèrè ná. Yọ sípíkà. Gbé mítà sí DC, kí ẹnu dúdú kan nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí pupa kan ẹsẹ̀ 5. LM386 tó bá yè máa ń gbé ẹsẹ̀ 5 dúró sí ìdajì iná tó ń jẹ. Bátìrì 9 á fún ọ ní nǹkan bí 4.5. Bí o bá rí òdo tàbí 9, lọ bá ẹni tó tà á fún ọ. Bí o bá rí 4 lé díẹ̀, IC ò jẹ̀bi. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń tú rédíò, LM386 tó kú ikú ara rẹ̀ ò tó nǹkan lójú mi. Èyí tí àwọn èèyàn fi bátìrì òdì pa ni mo rí jù.

Lẹ́yìn náà, yọ 10 µF tó wà láàárín ẹsẹ̀ 1 àti 8 yẹn kúrò. Ta ló ní kí o fi síbẹ̀? Láìsí i, IC yẹn ń sọ ohùn di ìlọ́po 20. Bí o bá fi sí i, ó di ìlọ́po 200. Wò ó: ká ní fóònù gbé 0.3 fólítì jáde, ìlọ́po 20 rẹ̀ jẹ́ 6, agbára káká ni bátìrì 9 fi lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlọ́po 200 rẹ̀ jẹ́ 60. Níbo ni bátìrì 9 ti fẹ́ rí 60? Ohùn á kàn máa forí gbá òrùlé, á máa ya. Gbohùngbohùn àti gìtá, tí ohùn tiwọn kéré gan-an, ni wọ́n ṣe 200 fún.

Pútú-pútú ọ̀hún ńkọ́? Bátìrì fólítì 9 kékeré yẹn, ẹnu ló ní, kò lápá. Bí sípíkà bá fa iná lójijì, fólítì rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹsẹ̀ 6 á mọ̀ ọ́n lára, ìwálẹ̀ yẹn á yọ́ wọnú ohùn padà, IC á sọ ọ́ di ńlá, sípíkà á tún fà. Bí ajá tó ń jẹ èébì ara rẹ̀ ló rí. Ohun tó ń wò ó ni 100 µF láàárín ẹsẹ̀ 6 àti gíráùǹdù, kí kàpásítọ̀ kékeré tí wọ́n kọ 104 sí lára tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ní ìpẹ̀kun bọ́ọ̀dù o! Ẹ̀gbẹ́ IC gan-an, kí ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Èyí tí o fi síbi tó jìnnà yẹn, àfi bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó tí kànga rẹ̀ wà ní àdúgbò kejì.

10 µF tí o bá yọ, má sọ ọ́ nù. Fi so ẹsẹ̀ 7 mọ́ gíráùǹdù, kí ojú tí ìlà nẹ́gẹ́tíìfù wà lára rẹ̀ kọjú sí gíráùǹdù. Ó ń dín ìdọ̀tí tó ń gba ojú iná wọlé kù. Lọ́jọ́ tí o bá fi ṣájà dípò bátìrì, wàá mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ó ku ọ̀kan tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń fò: láti ẹsẹ̀ 5 sí gíráùǹdù, to rèsísítọ̀ 10 óòmù àti kàpásítọ̀ 473 tẹ̀ léra wọn. Láìsí wọn, IC lè máa sá eré kan tó ga ju ohun tí etí ń gbọ́ lọ. O ò ní gbọ́ nǹkan kan, wàá kàn rí i pé ó ń gbóná tí ohùn sì ń ha.

Ọmọ_Oníwáyà

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹsẹ̀ 5 fi 4.4 hàn. Áà, mo ti lọ bá ọmọ onísọ́ọ̀bù yẹn jà lásán!

Mo ti gbé 10 µF lọ sí ẹsẹ̀ 7. Pútú-pútú dín kù, kò tán. Kíkùn ò yí padà rárá, fólúùmù ò sì pa ohùn dé òdo. Mi ò tíì rí 104 àti 10 óòmù rà. 100 µF ṣì wà níbi tó wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrú, mi ò fẹ́ fà á.

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Fólúùmù tí kò dé òdo, ariwo tó ń lé nígbà tí ọwọ́ bá kan wáyà: gíráùǹdù rẹ ti já níbì kan, àbúrò mi. Bàbá ti sọ̀rọ̀ IC dáadáa, àmọ́ bọ́ọ̀dù ló yẹ ká kọ́kọ́ bi.

Gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Ìlà pupa àti ìlà búlúù tó wà létí rẹ̀, ṣé wọ́n lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àbí wọ́n já láàárín? Níbi tí ọ̀dà bá ti já, irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ náà já. Bọ́ọ̀dù oníhò 830 tó rí bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Èyí tí wọn ò kun ìlà sí rárá ló tún burú jù. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní SS2, ọdọọdún ló ń mú wọn: apá òsì ní iná, apá ọ̀tún ò ní, wọ́n á ní "Mà, IC ti jó." Má fojú lásán wò ó. Yí mítà sí ibi tó ń dún píì, fi ẹnu kan sí ihò àkọ́kọ́ lórí ìlà búlúù, èkejì sí ihò ìkẹyìn. Bí kò bá dún, ge wáyà kúkúrú, fi di afárá láàárín. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún pupa náà.

Fólúùmù fúnra rẹ̀ tún lè jẹ́ ọ̀tá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó nípọn, ihò bọ́ọ̀dù ò gbà á. Yóò wọlé, yóò jọ pé ó dúró, bí ọwọ́ bá sì ti yí i, yóò ta jáde díẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń tú wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, èyí tí wáyà mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ kọ́pà kan ṣoṣo tó le. Gé mẹ́ta ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan, fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn mọ́ ẹsẹ̀ fólúùmù, kí o wá kì wọ́n bọ bọ́ọ̀dù. Wáyà onírun-rírun, bíi ti sípíkà, má kì í bọ ihò lásán. Irun kan á yọ síta, á kan ẹsẹ̀ kejì, a ó sì tún padà síbí.

Ṣé IC rẹ gun kòtò àárín bọ́ọ̀dù o? Ẹsẹ̀ mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Kòtò róbótó kékeré tó wà lórí IC ni kó wà lókè. Ẹsẹ̀ 1 wà lápá òsì rẹ̀, a ń kà wálẹ̀ dé 4, a fò sọ́tùn-ún ní 5, a tún ń kà gòkè dé 8. Tí o bá kà á bí ẹni ka ìwé, láti òsì sí ọ̀tún, iná á gba ibi tí kò yẹ.

Kútọnu_229

Ẹ káàárọ̀ o, àwọn ará Nàìjíríà. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan: wáyà tó gé lára íàpíìsì yẹn, ṣé ó jó o kó tó so ó? Wáyà inú íàpíìsì kì í ṣe wáyà lásán. Bí o bá bó ike rẹ̀, wàá rí òkan pupa, òkan àwọ̀ ewé tàbí búlúù, àti èyí tó ní àwọ̀ kọ́pà, pẹ̀lú òwú funfun wẹ́ẹ́ láàárín wọn. Ọ̀dà ni àwọ̀ yẹn, ọ̀dà yẹn kì í sì í gbé iná. O lè lọ́ ọ mọ́ nǹkan títí di ọ̀la, kò ní ṣe nǹkan kan. Mo máa ń fi iṣáná jó ẹnu rẹ̀ ní ìwọ̀n mílímítà 5, ó máa ń gbiná fírí kan torí òwú yẹn, mo á fẹ́ ẹ pa, mo á fi bíléèdì rọra ha á títí kọ́pà á fi dán. Lẹ́yìn náà ni mo á fi lẹ́ẹ̀dì bo ó.

Má sì lọ́ pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀ o. Ọ̀kan jẹ́ etí òsì, ọ̀kan jẹ́ etí ọ̀tún. Bí o bá so wọ́n pọ̀ tààrà, ẹnu méjèèjì fóònù á máa tì ara wọn. Fi rèsísítọ̀ 1k kan sẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí òdì kejì àwọn méjèèjì ti pàdé ni kí o gbé lọ sí orí fólúùmù.

Ọmọ_Oníwáyà

Ẹ Ẹ Ẹ GBÀ MÍ O.

Ìlà búlúù já láàárín! Mo ti ń wo bọ́ọ̀dù yìí láti ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò rí i. IC àti bátìrì wà lápá òsì. Fólúùmù, jáàkì àti 100 µF, apá ọ̀tún ni gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù wọn wà. Ìyẹn ni pé 100 µF yẹn ò ṣe nǹkan kan látọjọ́ yìí, ó kàn jókòó. Fólúùmù ò ní gíráùǹdù, ó ń lọ́ láfẹ́fẹ́ ni.

Mo fi wáyà kan ṣe afárá bí mà ṣe wí. Kíkùn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé bátìrì ti kú ni, àfi ìgbà tí mo yí fólúùmù tí akéwì kan bú jáde nínú sípíkà, tí ológbò sá lórí tábìlì.

Ẹ ṣé mà. Ẹ ṣé bàbá. Wáyà íàpíìsì náà, òótọ́ lẹ sọ, ará Kútọnu: pupa nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìkejì ọ̀dà ṣì wà lórí rẹ̀.

BàbáRédíò

Mo gbà fún Ìyá Ìbejì. Èmi ti ń fura sí fólúùmù, mo fẹ́ sọ pé kó pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́ iṣẹ́, a ò ní bọ́ọ̀dù oníhò. Orí páálí la ti ń to nǹkan, a ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn lábẹ́.

Ọmọ mi, ra 104 àti 10 óòmù yẹn síbẹ̀síbẹ̀. Pé ó ti ń sọ̀rọ̀ ò sọ pé ara rẹ̀ ti dá.

Túndé_gìtá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọlé. Èmi fẹ́ 200 yẹn, gìtá ni tèmi. Ṣé mo lè fi fólúùmù kejì sí i kí n máa yí ìlọ́po náà?

BàbáRédíò

O lè ṣe bẹ́ẹ̀. 10 µF rẹ á wà láàárín ẹsẹ̀ 1 àti 8, ojú pósítíìfù sí ẹsẹ̀ 1, fólúùmù kejì á tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà kan náà. Bí o bá yí i dé òdo, ìlọ́po 200. Bí o bá yí i dé òpin, ó ń sún mọ́ 20. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni pé bí o bá lo 10k síbẹ̀, ìdá mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni gbogbo ayípadà máa ń kó sí: nígbà tó bá fi dé 1k, ìlọ́po ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 40. Ìyókù, o kàn ń yí i lásán ni. Lo 1k, ọwọ́ rẹ á ní ibi tó ń rìn.

Ìyá_Ìbejì_Físíìsì

Tí a bá ti ń sọ ti fólúùmù, ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ B10K sí ń yí déédé: ìdajì ọwọ́, ìdajì óòmù. Etí wa kì í gbọ́ báyẹn. Ó máa ń jọ pé gbogbo ariwo sá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ìyókù ò wá fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. A10K ni wọ́n ṣe fún etí. Fún àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Nọ́ọ̀sì_Akúrẹ́

Mo gbádùn gbogbo yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ yìí: ta ló ti wo etí bàbá? Ìdọ̀tí etí tó ti gan nìkan lè sọ etí àgbàlagbà di wíwúwo, ohun tí wọ́n ń yọ ní ọsibítù ni. Kó mú wọn lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi igi ìṣáná tàbí ìyẹ́ adìyẹ ro ó.

Ìkejì, sípíkà ni kó máa lò pẹ̀lú nǹkan yìí, kó má kì íàpíìsì bọ ẹnu rẹ̀ láé. Ohun tó lè gbé sípíkà nínú yàrá, bí ó bá wà nínú ihò etí, tí ẹnì kan sì ṣèèṣì yí i dé òpin, yóò ba èyí tó kù jẹ́. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń fún àwọn tí etí wọn wúwo ní ibi tó ń dúró tí kì í kọjá. Èyí ò ní.

BàbáRédíò

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Lórí etí yẹn náà: ọ̀rọ̀ ni bàbá fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ìlù. Fi 104 kan sí ojú ọ̀nà kí ohùn tó dé orí fólúùmù. Pẹ̀lú 10k, ó ń gé ohùn wúwo tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 160 Hz. Ohùn á fúyẹ́, á mọ́, sípíkà kékeré ò sì ní máa jà pẹ̀lú ohun tí kò lè gbé. 220 µF ẹnu sípíkà pẹ̀lú 8 óòmù ń gé ìsàlẹ̀ 90 Hz tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ báàsì, kó gbé e dé 1000 µF, á dé nǹkan bí 20.

Aláriwo_Ìkẹjà

Báàsì kọ́ ni bàbá fẹ́, mo ti gbọ́. Iná ńkọ́? Bátìrì 9 yẹn, oṣooṣù lẹ óò máa rà á. Ẹ fi páwà báǹkì sí i, fólítì 5 ni, LM386N-1 ń jẹ láti 4 dé 12.

Ọmọ_Oníwáyà

Ẹ̀gbọ́n, mo ti dán an wò lálẹ́ àná. Ó ń ṣiṣẹ́ fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, páwà báǹkì á kú fúnra rẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kú.

Kútọnu_229

Iná tó ń fà ti kéré jù ni. LM386 tó dákẹ́ ń jẹ nǹkan bí 4 mA péré. Páwà báǹkì á rò pé o ti yọ fóònù kúrò, á pa ara rẹ̀. Kò sí ẹjọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Èmi bátìrì fólítì 6 inú fáànù onísháàjì ni mo ń lò, èyí tó wúwo tí wọ́n kọ 4.5Ah sí. Fáànù ti kú, bátìrì ṣì wà. Ká ní ámpù kàn dákẹ́ jẹ́jẹ́, ó lè lé ní oṣù kan kó tó tán. Ohùn á rẹlẹ̀ sí ti fólítì 9 díẹ̀, ó tó yàrá kan. Fi fíúsì 500 mA sẹ́nu pósítíìfù rẹ̀ kí o tó so ó! Bátìrì fólítì 9 tó bá ṣọ́ọ̀tì á gbóná, ó parí. Èyí á sọ wáyà di pupa, á jó ike bọ́ọ̀dù.

Túndé_gìtá

Bátìrì mọ́tò náà ńkọ́?

BàbáRédíò

LM386N-1 kọ́ ni wàá fi sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bátìrì mọ́tò máa ń kọjá 14. 12 ni òpin iṣẹ́ N-1, 15 ló sì máa ń kú. Bí o bá fẹ́ mọ́tò dandan, wá LM386N-4, ó ń jẹ dé 18.

Ọmọ_Oníwáyà

Ẹ̀yin ará, mo tún dé. Mo ti ra gbogbo rẹ̀, mo ti fi sí i. Ohùn dùn bí àgbọn. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti gé wáyà jáàkì kúrú kó má baà gùn nílẹ̀, rédíò fóònù ń ṣe ṣàà-ṣàà, sitéṣọ̀n ń lọ ń bọ̀. Tí mo bá fi orin inú fóònù dán an wò, kò ní ariwo kankan.

Kútọnu_229

Haa, o ti gé eríà rẹ̀! Ọ̀pọ̀ fóònù bẹ́ẹ̀, wáyà íàpíìsì ni wọ́n fi ń gba FM. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé "kì íàpíìsì bọ ọ́" kí rédíò tó sọ̀rọ̀. Fi wáyà mìíràn sí i, kó má kéré sí sẹ̀ǹtímítà 75. Wá òrùka dúdú tó máa ń wà lára wáyà mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, yí wáyà jáàkì gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní apá tó sún mọ́ ámpù. Á jẹ́ kí eríà dá dúró, kí ariwo ámpù má gùn ún.

Gbé fóònù jìnnà sí sípíkà pẹ̀lú. Bí ìpè bá fẹ́ wọlé, ẹ óò gbọ́ kítí-kítí-kítí nínú ámpù kó tó dún. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe àjẹ́.

Ọmọ_Oníwáyà

Ìròyìn ìkẹyìn nìyí. Ọsibítù yọ ìdọ̀tí etí ọ̀tún, Nọ́ọ̀sì, ẹ kú làákàyè. Ti òsì ṣì wúwo. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ike bọ́tà, bọ́ọ̀dù, bátìrì fáànù, fíúsì, gbogbo ẹ̀. Fólúùmù yọrí síta. Bàbá yí i, wọ́n tún yí i padà, wọ́n ní àwọn ò mọ ibi tó dára mọ́. Mo mú kùtẹ́ẹ̀sì pupa àbúrò mi obìnrin, mo fi sàmì kan sí ibi tí wọ́n fẹ́ràn. Àárọ̀ òní, aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti gbé àga síwájú rẹ̀.

Bàbá kejì tí wọ́n jọ ń ta ayò ti ní òun náà fẹ́ ọ̀kan.

BàbáRédíò

Kí o tó ṣe ti ẹnì kejì, kúrò lórí breadboard. Ọmọ kékeré kan á gbé ike bọ́tà yẹn ṣeré lọ́la, ẹsẹ̀ kan á tú, wàá sì ní IC ni. Ra veroboard, bọ́ọ̀dù oníhò tí wọ́n ń fi lẹ́ẹ̀dì jó nǹkan mọ́, fi sókẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 8 sí i kí o má baà fi iná jó IC, kí o jó ìyókù mọ́lẹ̀.

Ọmọ_Oníwáyà

Mo ti ra lẹ́ẹ̀dì, bàbá. Sókẹ́ẹ̀tì ló kù.